Kílíìpù Orí Ṣáàfù Iwájú: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀, àti Ohun Tó Ń Já A

Nínú gbogbo irin tó para pọ̀ di họ́ọ̀bù (orí irin tó wà láàrin táyà) iwájú ọkọ̀ fọ́ọ̀wíìlì, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lè fà, kílíìpù wà lára àwọn tó kéré jù, owó rẹ̀ náà kò sì tó nǹkan. Òrùka irin pẹlẹbẹ kan ni, tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé, tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bìkítà fún un títí tó fi já. Èrò mi lórí rẹ̀ kò fara sin: kílíìpù kì í dédé já. Kì í ṣe òun ló ń yí táyà, nítorí náà kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnnì ló ń já a. Bí ó bá já tàbí tó bọ́, nǹkan kan ló ń tì í láti ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó fi í sí i tẹ́lẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Ẹni tó bá kàn fi tuntun rọ́pò rẹ̀ láìwá ohun tó já ti àkọ́kọ́, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tí agbára ń gbà dé táyà, kí ibi tí kílíìpù wà lè yé wa. Bí agbára bá dé iwájú, dífíránṣà á pín in sí ọ̀tún àti òsì. Ṣáàfù kọ̀ọ̀kan á gbé e gba inú sípíńdù kọjá. Sípíńdù ni irin gbọọrọ oníhò tí bẹ́rìn táyà jókòó lé lórí. Orí ṣáàfù á yọ síta díẹ̀ ní ìkángun sípíńdù, eyín tí wọ́n gbẹ́ sí i lára á sì wọnú eyín irin kékeré kan tó wà láàrin họ́ọ̀bù. Bí ẹ bá yí bọ́tìnì họ́ọ̀bù sí LOCK, òrùka eléyín kan á sún, á so irin àárín yẹn mọ́ ara họ́ọ̀bù, táyà àti ṣáàfù á wá jọ máa yí. Bí ẹ bá dá a padà sí FREE, òrùka náà á sún kúrò; táyà á máa yí lọ tirẹ̀, ṣáàfù á dúró jẹ́ẹ́.

Ní téńté orí ṣáàfù, ìta irin àárín yẹn, kòtò tóóró kan wà tí wọ́n gbẹ́ yí ṣáàfù ká. Inú kòtò yìí ni kílíìpù ń há sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ṣáàfù fà sẹ́yìn wọnú sípíńdù, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí irin àárín rìn jáde lórí ṣáàfù. Eyín ló ń gbé agbára. Kílíìpù kàn ń dá wọn dúró sójú kan ni. Ìdí nìyẹn tí irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fi lè lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ láìṣe nǹkan kan, bí gbogbo ohun tó yí i ká bá wà ní ipò wọn.

Gbogbo ọkọ̀ kọ́ ló rí bákan náà o. Lára Toyota Hilux àti Land Cruiser àtijọ́, nọ́ọ̀tì 6 ló de ara họ́ọ̀bù mọ́lẹ̀, kílíìpù kan sì wà lórí ṣáàfù. Lára ọ̀pọ̀ Ford àti Chevrolet àtijọ́ tí wọ́n fi Dana 44 (orúkọ irú odindi irin kan tó gbé dífíránṣà àti ṣáàfù) sí níwájú, méjì ni ẹ máa bá pàdé: kékeré lórí ṣáàfù, àti ńlá kan tó há sínú ihò họ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé òun ló ń di gbogbo họ́ọ̀bù yẹn mú kí ó má baà jáde. Kékeré ń fún ṣáàfù mọ́ra láti ìta. Ńlá ń ṣí ara rẹ̀ mọ́ ògiri ihò láti inú. Nítorí náà, ẹ̀mú tó ń ṣí ọ̀kan kò lè fún èkejì pọ̀. Land Cruiser 80 tí wọ́n ṣe kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ máa fà nígbà gbogbo kò ní bọ́tìnì kankan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ìdérí kékeré tó wà láàrin, kílíìpù wà níbẹ̀ lórí ṣáàfù. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì ńlá kan ló wà lórí ṣáàfù, tí bẹ́rìn rẹ̀ sì jẹ́ odindi tí a kì í tú, kò ní irú kílíìpù yìí, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án.

Àmì tó ń fi hàn pé kílíìpù ti já

Bọ́tìnì tó ṣòroó yí, tàbí tí kò dé ojú LOCK tán. Gíríìsì tó ń yọ ní etí ìdérí họ́ọ̀bù, èyí tí bọ́tìnì wà lára rẹ̀. Ohùn gbà-gbà-gbà láti ìdí táyà nígbà tí ẹ bá yíwọ́ nínú fọ́ọ̀wíìlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríkèé ṣáàfù tó ti jẹ náà máa ń dún bẹ́ẹ̀, tí a kò sì lè fi ohùn nìkan dájọ́. Nígbà míì kò ní sí ohùn kankan: iwájú á kàn kọ̀ láti fà. Ohun tó ń fa ìyẹn ni pé dífíránṣà tí kò ní ohun ìdènà nínú máa ń ju agbára sí ẹ̀gbẹ́ tó bá rọrùn jù láti yí. Bí irin àárín bá ti kúrò ní ipò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ṣáàfù ẹ̀gbẹ́ yẹn á máa yí lásán, táyà kejì tó dára kò sì ní rí agbára kankan. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè lọ tú gíà kalẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé òrùka kékeré kan ni ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù wà lẹ́yìn ìdérí. Bí ẹ bá tú u, ẹ nu inú rẹ̀ mọ́, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ojú àpá róbótó tó ń dán láàrin rẹ̀, irin kan ti ń rìn jáde wá họ ọ́. Kí ẹ wá fi ìka ro gíríìsì tó wà nínú họ́ọ̀bù. Bí ó bá ń dán bí ẹni pé eérú fàdákà wà nínú rẹ̀, irin ti ń jẹ irin, kílíìpù nìkan kọ́ lẹ máa rà.

Rírà á

Ẹ má fi ojú lásán ra kílíìpù. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wọ̀n: ìdábùú ṣáàfù nísàlẹ̀ kòtò, fífẹ̀ kòtò náà, àti nínípọn kílíìpù àtijọ́ níbi tí kò tíì jẹ. Kílíìpù tó tọ́ máa ń kéré díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ kòtò lọ kí a tó ṣí i, ìyẹn ló ń mú kó fún ṣáàfù mọ́ra. Nínípọn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín díẹ̀ sí fífẹ̀ kòtò, kí ó lè wọlé láìjẹ́ pé ó ń mì nínú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ta kílíìpù ọkọ̀ kan náà ní oríṣiríṣi nínípọn, torí pé òun ni wọ́n fi ń ṣètò bí ṣáàfù ṣe lè rìn síwá-sẹ́yìn tó. Àwọn mìíràn ń lo wọ́ṣà tẹ́ẹ́rẹ́ fún iṣẹ́ yìí. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ yín ló máa sọ irú èyí tó jẹ́ àti ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ má fi ti ọkọ̀ ẹlòmíì ṣe.

Irin sípíríǹgì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ lè ṣí kó sì padà sí bó ṣe wà. Wáyà tí a ká, ìṣó tí a tẹ̀, tàbí òrùka tí a fi iná jó ẹnu rẹ̀ pọ̀ kò lè ṣe é: irin rírọ̀ á ṣí, á sì wà ní ṣíṣí, iná sì ti pa líle irin sípíríǹgì. Ohun kejì tí mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni ni kí wọ́n tún kílíìpù tí wọ́n ti yọ lò. Òótọ́ ni pé ó lè dà bíi pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣí i kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan, kò ní fún ìsàlẹ̀ kòtò mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀, ojú kò sì lè rí ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ ra ti ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì ra ọ̀kan sí i fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí ó ń fò, ó sì ń sọnù.

Ẹ̀mú ni olórí irinṣẹ́

Jáàkì, irin agbọ́kọ̀ró tó lágbára, sípánà táyà, sípánà onígo tó bá bóòtù ìdérí mu (ti Toyota sábà máa ń jẹ́ 10, àwọn mìíràn ń lo sukúrù tó ní ojú igun mẹ́fà tàbí ojú ìràwọ̀), òòlù, ọ̀pá idẹ, àkísà, kẹrosíìnì, gíríìsì, gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, àti awò tó bo ojú. Awò ojú kì í ṣe àṣejù. Irin tó ń fò kúrò lẹ́nu ẹ̀mú máa ń wá tààrà sí ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mú ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ló ń ba kílíìpù tuntun jẹ́ jù. Kílíìpù oríṣi méjì ló wà. Àwọn kan ní ihò kékeré ní etí ẹnu wọn méjèèjì. Ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló wà fún wọn, ṣóńṣó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kún ihò náà. Bí ó bá kéré jù, á yọ̀, á sì ba ihò jẹ́. Ọ̀pọ̀ kílíìpù orí ṣáàfù iwájú kò ní ihò rárá: ẹnu wọn kàn gé gbún ni. Bí ẹ bá fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó sí irú èyí, ẹ̀gbẹ́ kan á yọ kúrò, kílíìpù á sì lọ́. Ohun tó yẹ ẹ ni ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n ya ìlà sí lára kó má baà yọ̀, tó sì ń ṣí bí ẹ bá fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò bá ní i máa ń mú sukudiráfà méjì, á fi ọ̀kan gbé etí kan sókè, á fi èkejì ti ìyókù. Ó ń yọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí etí kan bá gòkè tí èkejì wà nísàlẹ̀, òrùka náà ti lọ́, kò sì ní jókòó pẹlẹbẹ mọ́. Fún yíyọ ti àtijọ́ tí a máa jù nù, kò burú. Fún fífi tuntun sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Ohun mìíràn tó ń dín wàhálà kù ni bóòtù gígùn kan. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, ihò tí wọ́n gbẹ́ ìlà bóòtù sí nínú wà ní àárín orí ṣáàfù, bóòtù M8 tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 1.25 ló sì ń wọ̀ ọ́. Òun ni ẹ máa fi fa ṣáàfù síta nígbà tí ẹ bá ń yọ kílíìpù tàbí tí ẹ ń fi í sí i. Láìsí i, ṣáàfù á máa sá wọlé, kòtò á sì máa farapamọ́ sínú irin àárín.

Títú u

Orí ilẹ̀ títẹ́ ni kí ọkọ̀ wà, kí ẹ fi igi tàbí òkúta dènà táyà ẹ̀yìn, kí ẹ gbé iwájú, kí ẹ sì jẹ́ kó jókòó sórí irin agbọ́kọ̀ró. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹ yí bọ́tìnì sí FREE kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtù kankan. Ẹ tú bóòtù ìdérí 6, kí ẹ sì fa ìdérí jáde tààrà. Òrùka eléyín àti sípíríǹgì lè bá a jáde, nítorí náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe jókòó síra kí ẹ tó yà wọ́n; fóònù yín lè ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀. A kò ní láti tú bíréèkì bó bá jẹ́ kílíìpù nìkan ni.

Ẹ fi àkísà kó gíríìsì tó wà lójú kúrò títí ẹ ó fi rí kòtò àti kílíìpù kedere. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí: èèyàn á máa fi ẹ̀mú wá ẹnu kílíìpù nínú gíríìsì. Ẹ fi sukudiráfà yí kílíìpù nínú kòtò títí ẹnu rẹ̀ á fi dé òkè, níbi tí ẹ̀mú ti lè gbá a mú dáadáa. Ẹ ki bóòtù bọ orí ṣáàfù, kí ẹnìkejì yín fà á síta, kí ẹ ṣí kílíìpù ìwọ̀n tó máa fi yọ lórí ṣáàfù, kí ẹ sì fi àkísà bo ọwọ́ bí ẹ ti ń fà á.

Bí kílíìpù ńlá bá wà nínú ihò họ́ọ̀bù, ẹ wá etí rẹ̀ kan, kí ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti etí náà sí àárín, kí ẹ gbé e kúrò nínú kòtò, kí ẹ wá máa tọ̀ ọ́ yí ká títí gbogbo rẹ̀ á fi jáde. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni.

Bí ara họ́ọ̀bù bá máa kúrò pẹ̀lú, ẹ máa bá wọ́ṣà ṣóńṣó kéékèèké pàdé lábẹ́ nọ́ọ̀tì lára Toyota, tí ẹ̀gbẹ́ wọn là. Wọ́n máa ń há sínú ihò gan-an. Ẹ fi ọ̀pá idẹ lé orí irin tí nọ́ọ̀tì dè mọ́, kí ẹ lù ú lójijì. Wọ́ṣà á bẹ́ jáde. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà sí ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó lù ú, kí ìlà rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ẹ má ki sukudiráfà sáàárín ara họ́ọ̀bù àti ibi tó jókòó sí láti fi ṣí i: ojú méjèèjì yẹn ni gáásíkẹ́ẹ̀tì ń dì, àpá kékeré kan níbẹ̀ sì ti tó kí omi rí ọ̀nà wọlé.

Wíwá ohun tó já a

Bí kílíìpù àtijọ́ bá ti já, ẹ kó gbogbo ẹ̀là rẹ̀ jọ sórí àkísà funfun kan, kí ẹ tò wọ́n pọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ pé òrùka, yàtọ̀ sí àlàfo ẹnu rẹ̀. Bí ẹ̀là kan bá dín, ó wà nínú họ́ọ̀bù níbì kan, bí ó bá sì dé inú bẹ́rìn, irin líle ni, á gé ojú bẹ́rìn. Ẹ kó gbogbo gíríìsì jáde, kí ẹ fi kẹrosíìnì fọ inú rẹ̀, títí ẹ ó fi rí i. Kò sí àbùjá níbí.

Ẹ wá wo kòtò náà. Ògiri rẹ̀ ní ìhà ìta ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ni kílíìpù fi ẹ̀yìn tì. Igun rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú. Bí etí rẹ̀ bá ti yọ ahọ́n, tó wú sókè díẹ̀, irin àárín ti ń gbá kílíìpù lu ògiri yẹn; ẹ lè fi irin ìhọrin kékeré họ ahọ́n náà kúrò. Ṣùgbọ́n bí igun náà bá ti yí di róbótó, tí ìka yín ń yọ̀ lórí rẹ̀, kílíìpù tuntun á gun orí rẹ̀ jáde bí ti àkọ́kọ́ ṣe jáde. Ṣáàfù ló yẹ ní pípààrọ̀. Ó dun ni, ṣùgbọ́n kò sí kílíìpù tó lè há sínú kòtò tí kò ní ògiri mọ́.

Kí ni ó wá ń tì í? Ohun tí mo máa kọ́kọ́ fura sí ni nọ́ọ̀tì bẹ́rìn. Nọ́ọ̀tì méjì ló sábà máa ń wà lórí sípíńdù, pẹ̀lú wọ́ṣà tó ní etí láàrin wọn tí a ń tẹ̀ kí wọ́n má baà tú. Lára Toyota, sípánà 54 ló ń mú wọn. Bí ẹni tó tú u kẹ́yìn kò bá tẹ etí wọ́ṣà náà, tàbí tó fi èyí tó ti gé tẹ́lẹ̀ padà, nọ́ọ̀tì á máa tú díẹ̀díẹ̀, á máa rìn jáde, títí á fi máa ti ohun tó wà nínú họ́ọ̀bù. Kílíìpù ni gbogbo títì yẹn máa parí sí. Ẹ gbá òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú, kí ẹ mì ín. Bí ó bá ń mì lórí bẹ́rìn, ẹ tún bẹ́rìn ṣe kí ẹ tó ronú kan kílíìpù.

Ohun kejì ni búṣì inú sípíńdù, tàbí bẹ́rìn kéékèèké tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lára àwọn ọkọ̀ kan. Òun ló ń gbé orí ṣáàfù ró sí àárín gangan. Ẹ gbé orí ṣáàfù sókè-sódò. Bí ó bá ń mì púpọ̀, ṣáàfù ń yí ní wíwọ́, irin àárín sì ń fì sí kílíìpù ní ẹ̀gbẹ́ kan nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yípo. Wọ́ṣà tó wà lẹ́yìn kílíìpù tàbí lẹ́yìn irin àárín ni ẹ̀kẹta. Àwọn ọkọ̀ kan ní i, àwọn kan kò ní i. Bí tiyín bá ní i tí ẹnì kan sì ti gbàgbé rẹ̀, ṣáàfù á ní àyè láti máa sáré lọ sáré bọ̀, á sì máa gbá kílíìpù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ fọ́ọ̀wíìlì.

Fífi tuntun sí i

Ẹ nu kòtò mọ́ títí kò fi ní kù gíríìsì líle tàbí iyanrìn nísàlẹ̀ rẹ̀, torí kílíìpù tó jókòó sórí ìdọ̀tí kò tíì jókòó. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa eyín ṣáàfù àti irin àárín. Díẹ̀ ni mo wí. Àwọn èèyàn máa ń rò pé bí gíríìsì bá ṣe pọ̀ tó ni ara họ́ọ̀bù ṣe máa yá tó, ṣùgbọ́n họ́ọ̀bù tí wọ́n fi gíríìsì dí pa kò ní jẹ́ kí òrùka eléyín sún. Bọ́tìnì á le, á sì kọ̀ láti dé LOCK, pàápàá nígbà òtútù tí gíríìsì bá ti dì. Bẹ́rìn ló ń fẹ́ gíríìsì púpọ̀. Ẹ̀rọ tó ń sún nínú họ́ọ̀bù kò fẹ́ ju kí gíríìsì díẹ̀ kan ara rẹ̀ lọ.

Ẹ yẹ ojú kílíìpù tuntun wò kí ẹ tó gbé e sí i. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ á mú létí, èkejì á yí díẹ̀. Ẹ fi èékánná ra á, ẹ máa mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbẹ́ tó mú ni kó kọjú sí yín, síta, torí òun ló máa fi ẹ̀yìn ti ògiri kòtò. Èyí tó yí ló máa kọjú sí irin àárín. Bí ẹ bá yí i padà, etí róbótó yẹn lè gun igun kòtò jáde nígbà tí agbára bá tì í.

Kí ẹnìkejì fa bóòtù M8 síta títí ṣáàfù á fi dúró. Ẹ ṣí kílíìpù ìwọ̀nba, kí ẹ gbé e kọjá orí ṣáàfù, kí ẹ sì tú ẹ̀mú sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Bí kò bá lọ tán, ẹ wá ọ̀pá oníhò tí ihò rẹ̀ gba orí ṣáàfù, kí ẹ fi ti kílíìpù yí ká lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó lè wọlé lọ́gbọọgba. Ó máa ń dún "tá" nígbà tó bá bọ́ sínú kòtò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohùn yẹn nìkan. Ẹ fi sukudiráfà ti kílíìpù kí ó yí nínú kòtò: ó gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú agídí díẹ̀, láìfò, kí gbogbo ara rẹ̀ sì rẹlẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì lọ, kò tíì wọlé. Ẹ wá ti bóòtù wọlé, kí ẹ tún fà á jáde. Ẹ máa rí ìwọ̀n tí ṣáàfù ń rìn. Ẹ ki irin oníwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kílíìpù àti irin àárín, kí ẹ sì fi wé ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ.

Nígbà míì kílíìpù á kọ̀ jálẹ̀, kòtò kò ní hàn tán. Ẹ má ṣe fi òòlù lé e. Ó ní ìdí. Bóyá ṣáàfù kò tíì jáde tán. Bóyá gáásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ tuntun, tó fi jẹ́ pé ara họ́ọ̀bù ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bóyá wọ́ṣà méjì wà níbi tó yẹ kí ọ̀kan wà, tàbí nọ́ọ̀tì bẹ́rìn ti rìn síta. Bóyá kílíìpù náà ló nípọn ju kòtò lọ. Ẹ wò wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kílíìpù tí wọ́n fi òòlù gbá wọlé ti bàjẹ́ kí ọkọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀.

Lára Hilux onínọ́ọ̀tì 6, nọ́ọ̀tì ara họ́ọ̀bù ń gba 31 N·m (ìwọ̀n agbára tí a fi ń dè é, tí sípánà oníwọ̀n ń fi hàn), bóòtù ìdérí ń gba 10 N·m péré. Iye kejì yìí kéré, ìka ọwọ́ àti sípánà kúkúrú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Ẹni tó bá fi gbogbo apá dè é á já bóòtù náà sínú họ́ọ̀bù, wàhálà tó sì wà nínú yíyọ rẹ̀ ju gbogbo iṣẹ́ kílíìpù lọ. Ẹ jẹ́ kí bọ́tìnì wà ní FREE, kí ẹ mú etí òrùka bá ojú rẹ̀ mu, kí ẹ sì máa de bóòtù ní ìkọjú-síra, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ní títò lẹ́sẹẹsẹ. Bí ìdérí bá jìnnà sí ara họ́ọ̀bù kí ẹ tó dè é, etí kan kò bá ojú mu. Ẹ má fi bóòtù fà á pọ̀.

Họ́ọ̀bù tó ń ti ara rẹ̀ láìlo ọwọ́ ní òrùka tirẹ̀ tó pọ̀ ju èyí lọ, ètò wọn sì yàtọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀. Ti Ford Ranger àtijọ́, fún àpẹẹrẹ, ní àwọn wọ́ṣà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí orí irin tí nọ́ọ̀tì táyà ń wọ̀, tí ẹ gbọ́dọ̀ yọ kí họ́ọ̀bù tó lè jáde. Ohun kan náà ló jọ kan gbogbo wọn: ẹ to irin sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú u, láti ọ̀tún sí òsì, kí ẹ sì dá a padà láti òsì sí ọ̀tún.

Kí ọkọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ yí táyà pẹ̀lú ọwọ́ ní FREE, kí ẹ sì wo ṣáàfù láti ẹ̀yìn: kò gbọdọ̀ bá a yí. Ẹ yí bọ́tìnì sí LOCK, kí ẹ máa yí táyà síwá-sẹ́yìn díẹ̀ títí òrùka eléyín á fi wọlé. Ṣáàfù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ ṣe é lẹ́sẹ̀ kejì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò tú u. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ fọwọ́ kan àárín họ́ọ̀bù méjèèjì. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò gbà á, bẹ́rìn ẹ̀gbẹ́ yẹn ti fún jù, tàbí bíréèkì ń há. Tó bá tó nǹkan bí 100 kìlómítà, ẹ tún bóòtù ìdérí wò ní 10 N·m, kí ẹ sì fi ìka ra etí gáásíkẹ́ẹ̀tì. Bí gíríìsì bá ń yọ, ẹ ṣí i, kí ẹ wo bóyá ó ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ tàbí ojú ìdérí ló ní àpá, kí ẹ sì yẹ kílíìpù náà wò níwọ̀n ìgbà tí ojú rẹ̀ ti là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.